Ta Ló Ní Kí Adúmáadán Má Tọ́tè Pupa?

Ẹnìkan ló kọ́kọ́ sọ ọ́, a ò mọ ẹni náà, gbogbo ayé sì gbà á bí òfin: obìnrin tó bá dúdú kì í tọ́tè pupa. Ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń sọ ọ́ fún àbúrò, ọmọbìnrin tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù ń sọ ọ́ fún oníbàárà tó fi owó ara rẹ̀ sápò wá. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúdú báyìí, mà, búráùn ló máa yẹ yín." Búráùn! Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàánú èèyàn. Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi, ohun tí mo sì fẹ́ sọ nípa rẹ̀ lónìí kò pọ̀: irọ́ ni. Adúmáadán ló ni pupa, òun náà ló ni wáìnì tó ki. Kó dán an wò fúnra rẹ̀ ló kù, kó sì wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ gidi wà.

Aránṣọ ni mí, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nílùú Ìbàdàn. Nínú iṣẹ́ tèmi, àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí wọ́n bá kó aṣọ ẹbí dé, tí ẹbí ìyàwó mú wáìnì, tí ẹbí ọkọ mú pupa, ọmọ iṣẹ́ mi kankan ò gbọdọ̀ jókòó sábẹ́ gílóòbù kó máa ṣa òwú. Ìta la máa ń kó léèsì àti òwú lọ. Wáìnì méjì tẹ́ ẹ ò lè dá mọ̀ yàtọ̀ nínú ilé, bẹ́ ẹ bá gbé wọn dé inú oòrùn, ọ̀kan á fà sí elésè àlùkò, èkejì á fà sí àwọ̀ amọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí léèsì lábẹ́ iná náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìtọ́tè. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe mékọ́ọ̀pù ni mo kọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé. Kí ni àwọn àgbà fi ń yin obìnrin tó dúdú tó ń dán? Wọ́n ní ó dúdú bíi kóró iṣin. Ẹni tó bá ti rí iṣin tó là lórí igi mọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀: èèpo pupa fòò, inú tó funfun, kóró dúdú tó ń kọ mọ̀nà. Dúdú, pupa, funfun. Kí obìnrin dúdú tọ́tè pupa kó wá rẹ́rìn-ín, kí lẹ tún rí tí kì í ṣe iṣin? Àwọn tó dá àfiwé yẹn sílẹ̀ ò ní ká bó èèpo dànù kí kóró tó lè lẹ́wà.

Àwọn ìyá ìyá wa kò bẹ̀rù pupa rárá. Wọ́n ń lọ osùn, wọ́n ń fi kun ẹsẹ̀ ìyàwó, wọ́n ń fi pa abiyamọ àti ọmọ tuntun lára títí ara á fi pọ́n. Wọ́n ń lé làálì sí èékánná àti àtẹ́lẹsẹ̀, àwọ̀ tí làálì tó bá mú dáadáa sì ń ní lára awọ dúdú, ẹ lọ wò ó, wáìnì ni. Àwọn ìyá tó ń jẹ obì ń fi ètè tó ti pọ́n ná ọjà, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Ẹ wá wo aṣọ òkè. Nínú ẹ̀tù, sányán àti àlàárì, àlàárì ni wáìnì tiwa. Láyé àtijọ́, ṣẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun ún ń ti Àríwá Áfíríkà wá, ràkúnmí ló ń rù ú la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọwọ́ ahunṣọ ilẹ̀ Yorùbá. Èèyàn ò ní ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀ torí àwọ̀ tí kò yẹ ẹ́.

Ibo wá ni òfin yìí ti jáde? Inú páálí ìtọ́tè gan-an ni. Ìtọ́tè kì í ṣe awo. Ìda oyin máa ń wà nínú rẹ̀, ìda ọ̀pẹ kan tó ń jẹ́ carnauba, tó ń wá láti Brazil, máa ń wà níbẹ̀, òróró lárà náà máa ń wà níbẹ̀, lárà tó ń hù lẹ́yìn ilé wa yìí. Wọ́n á yọ́ wọn pọ̀, wọ́n á wá po àwọ̀ mọ́ ọn. Àwọ̀ kan ń wá láti ara irin tó dípẹtà, òmíràn láti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, òmíràn, ẹ gbọ́ ná, láti ara kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń sìn lórí igi ẹlẹ́gùn-ún ní Peru. Bẹ́ ẹ bá rí carmine lára páálí, òun nìyẹn. Kí àwọn tí kì í fẹ́ kòkòrò lẹ́nu lọ yẹ tiwọn wò. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá jù ni ẹ̀tù funfun kan, titanium dioxide, tí wọ́n ń bù sí i kí àwọ̀ lè mọ́lẹ̀. Lórí ètè òyìnbó tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀, kì í ṣe nǹkan. Lórí ètè dúdú, bí wọ́n bá bù ú jù, funfun yẹn á jáde síta, ètè á hó. Obìnrin á wo dígí, á ní pupa ò yẹ òun. Pupa kọ́, ẹ̀tù funfun ni.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, torí pé wọn ò rí wa rò. Ní Chicago, Eunice Johnson, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ni ìwé ìròyìn Ebony nígbà náà, ń kó àwọn ọmọge aláwọ̀ dúdú tó ń fi aṣọ hàn káàkiri Amẹ́ríkà, ó sì ń rí i pé fúnra wọn ni wọ́n ń po àtíkè pọ̀ mọ́ra kí wọ́n tó lè rí èyí tó bá awọ wọn mu. Ní 1973 ló dá Fashion Fair sílẹ̀. Ìtọ́tè kan wà nínú ọjà wọn tó ń jẹ́ Chocolate Raspberry. Àwọn ìyá tó gbé òkè òkun nígbà yẹn á rántí orúkọ náà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Tara Fela-Durotoye bẹ̀rẹ̀ House of Tara ní 1998, ọmọ Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọjà tí ẹni tó mọ awọ wa ṣe. Ní 2017, Rihanna gbé Fenty Beauty jáde pẹ̀lú oríṣi àwọ̀ ìpara ojú 40, ọdún yẹn kan náà ló gbé ìtọ́tè pupa kan tó ń jẹ́ Stunna síta, tó ní gbogbo awọ ló wà fún. Ìgbà yẹn ni àwọn tó kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àbí 2017 la ṣẹ̀ṣẹ̀ dúdú ni?

Ohun tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ fún èèyàn ni pé pupa kì í ṣe ẹyọ kan. Pupa kan wà tó ń fà sí búlúù, irú Ruby Woo ti MAC tí àwọn ọmọge ìgboro mọ̀ dáadáa; irú èyí máa ń mú kí eyín funfun sí i lójú ẹni tó ń wo èèyàn. Òmíràn ń fà sí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ó lẹ́wà lára ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó lè mú kí eyín dà bí èyí tó pọ́n. Òmíràn jẹ́ àwọ̀ bíríkì. Dúdú náà kì í ṣe ẹyọ kan. Dúdú kan wà tí pupa wà lábẹ́ rẹ̀, dúdú kan wà tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ aró. Nítorí náà, ẹni tó bá tún sọ fún yín pé pupa ò yẹ dúdú, ẹ bi í léèrè: pupa wo, dúdú wo?

Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọ Ṣakí, tó dúdú, tí awọ rẹ̀ sì ń dán láìfi nǹkan kan pa á. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí iṣẹ́ ò pọ̀, aládùúgbò wa tó ń kunjú fún ìyàwó gbé àpótí rẹ̀ wọlé, mo ní kó dán pupa wò lára ọmọ náà. Ọmọ yìí kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti kìlọ̀ fún òun pé egúngún lòun máa dà. Aládùúgbò wa fi aṣọ tútù nu ètè rẹ̀, ó fi Vaseline díẹ̀ pa á, ó tún nu ún kúrò. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ètè náà dáadáa: tòkè dúdú, tìsàlẹ̀ pọ́n láàárín, ó dúdú létí. Ọ̀pọ̀ wa la rí bẹ́ẹ̀. Pupa tó ń fà sí ọsàn ló kọ́kọ́ fi sí i, ó wá dà bíi pé ètè ẹni méjì ni: tìsàlẹ̀ ń tàn yanran, tòkè di búráùn. Ibí yìí ni obìnrin máa ń dé tí á nu ẹnu, tí á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Aládùúgbò wa ò sọ nǹkan kan. Ó nu ún kúrò, ó mú pẹ́ńsù búráùn tó ki, ó fi fa etí ètè náà yípo, ó sì fi kun tìsàlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ títí tí òun àti tòkè fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló wá mú pupa tó ń fà sí búlúù lé e lórí. Ó ní kó fi ìka sẹ́nu, kó pa ètè dé mọ́ ọn, kó fà á yọ, kí èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún má baà lẹ̀ mọ́ eyín. A mú un jáde sínú oòrùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wo àwọ̀ lára èèyàn. Ojú ọmọ náà tàn. Obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lódìkejì títì pariwo, ó ní ta nìyẹn. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu ọmọ yìí jáde lẹ́yìn tó wo dígí ni, "Àǹtí, èló ni wọ́n ń tà á?"

Ẹjọ́ tiẹ̀ ni wáìnì ní. Nínú ike rẹ̀, dúdú ló ń hàn. Oníbàárà á ṣí i, ẹ̀rù á bà á, á dé e padà. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: wọ́n á ní ó ń mu sìgá. Nílẹ̀ yìí, ètè dúdú ti di ẹ̀sùn, débi pé wọ́n ń ta ìpara tí wọ́n ń pè ní "pink lips" fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n lè bó ètè tí Ọlọ́run dá mọ́ wọn. Mo kórìíra ìpara yẹn ju bí mo ṣe lè sọ nínú ìwé ìròyìn lọ. Ètè tó dúdú kì í ṣe àìsàn. Òun gan-an ni wáìnì ń wá. Ẹ tọ́ wáìnì sí i, ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù kúrò, ẹ wá jáde síta. Dúdú tẹ́ ẹ rí nínú ike á lọ, pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀ á máa yọ bẹ́ ẹ ṣe ń yí orí. Lára ẹni tó pupa, wáìnì tó ki máa ń dá dúró gedegbe lójú, ó sì máa ń le díẹ̀. Lára adúmáadán, ńṣe ló máa ń bá awọ lọ, tí yóò sì bo ètè aláwọ̀ méjì yẹn láìjẹ́ pé èèyàn fa pẹ́ńsù. Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, wáìnì ni màá mú fún ọjọ́ iṣẹ́, kí pupa wà fún ọjọ́ òwàḿbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ dán an wò, ẹ dákun, ẹ ṣíwọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ kì í ṣe ètè. Orí ìka, ibi tí a fi ń tẹ̀ka, ló sún mọ́ àwọ̀ ètè jù. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dán an wò lẹ́nu gan-an, ẹ má jẹ́ kí èyí tí gbogbo ọjà ti fi tọ́tè kàn yín; kòkòrò àrùn tó ń fa egbò etí ẹnu lè ti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn báyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi nǹkan mímọ́ ha díẹ̀ fún yín. Ẹ má sì gba iná inú ṣọ́ọ̀bù gbọ́: iná tó funfun jù máa ń pa pupa, iná tó pọ́n máa ń gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Fóònù náà ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ó ń bá èèyàn tún ojú ṣe láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹun. Òróró àti ìda ni ìtọ́tè, epo ọbẹ̀ máa ń yọ́ ọ. Èyí tí kì í dán máa ń pẹ́ lẹ́nu ju èyí tó ń dán lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí àmàlà àti ọbẹ̀ elépo ò ní mú nǹkan kúrò lára rẹ̀: àárín á lọ, etí á kù. Ẹ fi tiyín sínú àpamọ́wọ́ lọ síbi àríyá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jọ mi, tẹ́ ẹ ti kọjá àádọ́ta ọdún, ẹ yẹra fún èyí tó máa ń gbẹ kankan, torí pé inú ìlà ètè ló máa ń sá sí. Èyí tó ní òróró díẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Àwọ̀ tó bá wù yín ni o. Ọjọ́ orí ò kan àwọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń dúró de ibi tí màá ti dárúkọ Jésébẹ́lì. Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 9, ẹsẹ 30. Ojú ló kùn, orí ló ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ètè níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé tirẹ̀ la fẹ́ fi ṣòfin, tìróò àti irun dídì la ó kọ́kọ́ lé jáde, ẹ wá sọ fún mi ẹni tó máa kù nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọkọ tèmi ò tilẹ̀ bá Bíbélì wá. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa tọ́tè pupa lọ sọ́jà. Mo ní ó ti dáa. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń tọ́ ọ lọ báyìí.

Ohun kan wà tí n kò ní fojú fò dá. Bí obìnrin ṣe ń fẹ́ pupa tó dáa, bẹ́ẹ̀ ni ayédèrú ń pọ̀ lójú títì. Orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá á wà lára ike, owó tí wọ́n ń dá lé e ò sì ní ra abọ́ ìrẹsì kan. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ pé wọ́n ti ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA yẹ ìtọ́tè 400 tó wà lọ́jà wò ní 2010, wọ́n sì bá òjé nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 7.19 nínú mílíọ̀nù kan. Ó kéré, àjọ náà ò sì ka irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sí ewu. Ṣùgbọ́n ọjà tí èèyàn lè tọpa ẹni tó ṣe é lèyí. Èyí tí kò ní àdírẹ́sì, tí kò ní nọ́ńbà, ta ló yẹ ẹ́ wò? Ohun tí a ń tọ́ sí ètè, a máa ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ mì. Ẹni tí owó rẹ̀ ò bá ká èyí tó gbówó lórí, àwọn ọjà tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ yìí wà tí nọ́ńbà wọn pé, tí pupa àti wáìnì wọn sì mú.

Ẹ̀yin ọlọ́jà ìtọ́tè ní Dùgbẹ̀, ní Balógun, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ọ̀dọ̀ yín ni màá bọ́ sí. Ẹ yé e yan búráùn fún oníbàárà kó tó lanu. Ẹ gbé dígí kan síwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn dé. Ẹ kó pupa mẹ́ta àti wáìnì méjì jáde fún adúmáadán tó bá wọlé, ẹ fún un ní tíṣù, kẹ́ ẹ sì fún un láyè. Ojú ara rẹ̀ ni kó fi yan èyí tó máa sanwó fún.